Ọjọ́ mẹ́rin nínú ilé ìtura ọgbà Disney: kí la rà gan-an?

Ọ̀pọ̀ yín ló ti béèrè ìdí tí n kò fi kọ nǹkan kan láti bí oṣù méjì. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé bọ̀ lónìí kì í ṣe ti gírámà, kì í sì í ṣe ti oríkì. Ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi yìí, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe jù. Bí ó bá ń ti iṣẹ́ dé láàárọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń jáde lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ń múra àtisùn lálẹ́, òun ń wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní òun ti ń tọ́jú owó fún ọdún méjì kí gbogbo wa lè lọ sí Walt Disney World ní ìpínlẹ̀ Florida, kí a sì sùn sí ilé ìtura tó wà nínú ọgbà náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó dá iye owó náà fún mi, mo sọ ọ́ di náírà lọ́kàn ara mi, àyà mi já. Mo ní, "Ṣebí orí ibùsùn náà la máa sùn sí? Ibùsùn wo ló ń jẹ owó báyìí? Ìnákúnàá ni o." Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Dádì," ó sì kọjú sí àwo tó ń fọ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àgbà ṣe ń ṣe, n kò kó ọ̀rọ̀ mi padà.

A lọ, a lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Ohun tí mo rí ló jẹ́ kí n padà wálé wá ka ìtàn irú ilé ìtura bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà ló jẹ́ kí ohun tí ọmọ mi ṣe yé mi. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ro ti ọmọdé mọ́ ọ?

Láyé àtijọ́, oníṣòwò àti arìnrìn-àjò tó ń dá rìn ni ilé ìtura wà fún. Ọmọdé dà bí ẹrù àpọ̀jù lójú àwọn onílé ìtura. Ní 1951, ọ̀gbẹ́ni akọ́lé kan ní ìlú Memphis, Kemmons Wilson, kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn márùn-ún sínú mọ́tò, wọ́n forí lé Washington. Ibi tí wọ́n bá yà sùn sí lójú ọ̀nà, wọ́n á bu dọ́là 2 lé owó yàrá nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Inú bí i. Ní oṣù kẹjọ 1952, ó ṣí Holiday Inn àkọ́kọ́ ní Memphis. Ọmọ tó bá sùn sí yàrá òbí rẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà ní yàrá. Lójú Wilson, ìdílé kì í ṣe èèyàn méje tí a ó máa kà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹran. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 17 oṣù keje 1955, Walt Disney ṣí Disneyland ní Anaheim, ìpínlẹ̀ California, lórí ilẹ̀ éékà 160. Ọgbà náà ti gba owó ọwọ́ rẹ̀, kò ṣẹ́ ku èyí tó máa fi kọ́ ilé ìtura. Ó bẹ Jack Wrather, ẹni tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, pé kí ó bá òun kọ́ ọ. Wrather gbà, Disneyland Hotel sì ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Orúkọ Disneyland ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n Wrather ló ni ín. Ó di 1988 kí iléeṣẹ́ Disney tó rà á. Àwọn mìíràn náà rí ọ̀nà, wọ́n kọ́ ilé ìtura kéékèèké yí ọgbà náà ká. Ó wá dà bí ẹni tó dá ọjà sílẹ̀, tó gbálẹ̀ ọjà mọ́, tó wá rí i pé àwọn tó pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ló ń pa owó alẹ́.

Disney kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, ó rán àwọn èèyàn lọ máa ra ilẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Florida, ní orúkọ àwọn kọ́ńpìnnì mìíràn, kí àwọn onílẹ̀ má baà mọ̀ pé òun ni kí wọ́n sì gbówó lé e. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bí éékà 27,000. Ó kú ní oṣù kejìlá 1966, kò rí òpin iṣẹ́ náà. Roy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló parí rẹ̀. Nígbà tí Walt Disney World ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971, ilé ìtura méjì, Contemporary àti Polynesian, ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yẹn. Ní Anaheim, ọgbà ló kọ́kọ́ wà, ilé ìtura wá tẹ̀lé e. Ní Florida, wọ́n jọ bí àwọn méjèèjì pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i kí n tó kúrò níbí, torí ẹ mọ̀ pé n kì í ka ìtàn láìbéèrè pé ìtàn ta ni. Nígbà tí Wilson ń sọ pé ìdílé ni òun kọ́lé fún ní 1952, ìdílé aláwọ̀ dúdú kò lè wọ ọ̀pọ̀ ilé ìtura ní gúúsù Amẹ́ríkà. Láti 1936 ni Victor Green, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní New York, ti ń tẹ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Green Book, tó to ibi tí èèyàn dúdú lè sùn tàbí jẹun láìsí wàhálà. Ọjọ́ 2 oṣù keje 1964 ni òfin tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ náà jáde. Ẹni tó ni ilé ìtura oníyàrá 216 kan ní Atlanta gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ó ní òun kò ní gba èèyàn dúdú. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dá a lẹ́bi ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Ọdún méje péré ló wà láàárín òfin náà àti ìgbà tí ọgbà Florida ṣí. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi na káàdì rẹ̀ sí wọn, tí wọ́n kí i káàbọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, òun rò pé owó òun nìkan ló ṣílẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé owó nìkan kọ́.

Ohun tí owó náà ń rà

Àwọn ilé ìtura inú ọgbà náà pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta ní pàtàkì: olówó pọ́ọ́kú, alábọ́ọ́dé, àti èyí tó wọ́n. Owó yàrá kì í dúró sójú kan. Ó máa ń gòkè lásìkò Kérésìmesì àti ìgbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wọ ọgbà kò sí nínú owó yàrá, lọ́tọ̀ la ń san án. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í san. Láti ọdún 3 sí 9 ń san ti ọmọdé. Tó bá ti pé 10, àgbàlagbà ni lójú wọn. Ẹ ṣe ìṣirò yín dáadáa kí ẹ tó lọ.

Kí wá ni owó yàrá ń rà yàtọ̀ sí ibùsùn? Àkọ́kọ́, àlejò tó bá sùn sínú ọgbà lè wọlé ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú àwọn tó ń ti ìta bọ̀, lójoojúmọ́. Ó lè dà bí ohun kékeré létí yín. Ṣùgbọ́n ìlà tó máa gba wákàtí kan lọ́sàn-án lè má gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹni tó bá sì ti bá ọmọ ọdún mẹ́rin dúró lórí ìlà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìkejì, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà láti ilé ìtura dé ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a kò wakọ̀, a kò wá ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìkẹta, ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní MagicBand, tó ti wà láti 2013, tí a ń rà lọ́tọ̀ báyìí: òun la fi ń ṣí yàrá, òun la fi ń wọ ọgbà, òun náà la lè fi sanwó. Ìkẹrin, tó wúlò jù fún ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ni pé èèyàn lè padà sí yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kó sinmi, kó tún padà jáde nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ kejì ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn wọ̀ mí lára. Oòrùn Florida mú bí ti oṣù kẹta ní Ìbàdàn. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìnídìí. A wọ bọ́ọ̀sì, a dé yàrá, ó sùn lọ. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ náà ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó sùn fún wákàtí mẹ́ta. Láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò tíì rí i kó sùn bẹ́ẹ̀. Nílé, tó bá ń sùn lọ́sàn-án, fóònù á dún, aṣọ wà tó máa fọ̀, ọbẹ̀ wà tó máa gbé kaná. Nínú yàrá yẹn, kò sí ọbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pè é. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin jókòó sí fàráńdà, à ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mo ti ṣi ìṣirò ṣe. Ibùsùn ni mo dá owó lé. Ọjọ́ mẹ́rin tí òun yóò fi jẹ́ ìyá nìkan, tí kò ní jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kò ní jẹ́ agbọ́únjẹ, ni òun rà ní tirẹ̀.

Bí ìṣètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: wọ́n ń mú gbogbo ìnira kéékèèké kúrò lójú èèyàn. Nínú Magic Kingdom, tó jẹ́ ọgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọ̀nà wà nísàlẹ̀ ibi tí àwọn àlejò ń rìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá, kí àlejò má baà rí ẹni tó wọ aṣọ eré apá kan kó máa gba apá mìíràn kọjá. Iṣẹ́ ń lọ, a kò rí i. Owó náà ń lọ, a kò rí i! Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn o. Owó tí a kò kà lọ́wọ́ kì í dunni bí èyí tí a kà. Ọmọ mi gbọ́n: alaalẹ́ ló ń wo iye tó ti wọlé sórí yàrá. Wọ́n gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, nítorí náà a gbé búrẹ́dì, mílíìkì, ẹ̀pà àti gàrí Ìjẹ̀bú tó rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Ẹ bá mi fojú inú wò ó: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìntì, ó ń mu gàrí ní fàráńdà, àgùnfọn ń jẹ ewé níwájú rẹ̀.

Áfíríkà tó wà níbẹ̀

N kò tíì sọ orúkọ ibi tí a sùn. Animal Kingdom Lodge ni, ó ṣí ní oṣù kẹrin 2001, Peter Dominick ló ya àwòrán ilé náà. Ó rí bí pátákò ẹṣin, ó fi apá méjèèjì gbá pápá ọ̀dàn kan mọ́ra, bí agbo tí àwọn darandaran fi ń ká ẹran wọn mọ́ ní gúúsù Áfíríkà. Òrùlé gbọ̀ngàn àbáwọlé rẹ̀ dà bí ti koríko. Àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, màlúù oníwo gígùn àti oríṣiríṣi ẹranko mìíràn, tó lé ní irú 30, ń jẹko nísàlẹ̀ fàráńdà. Yàrá tó kọjú sí wọn wọ́n ju èyí tó kọjú sí ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo àlejò lè dúró sí wò wọ́n wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ọgbà irin tí ojú rí. Kòtò àti ohun ìdènà tí wọ́n fi ewéko bò ni kò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí yàrà ìlú àtijọ́ rí nílẹ̀ wa, irú ọgbọ́n yẹn ni. Tiwa ń lé ogun sẹ́yìn, tiwọn ń dá ẹran dúró.

Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin béèrè pé, "Kìnnìún ńkọ́?" Mo ní kò sí níbí, inú ọgbà Animal Kingdom lọ́hùn-ún ló wà. Kò lè sí níbí, àbí? Kìnnìún àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kò lè jọ jẹko níwájú ọmọdé tó ń mu tíì.

Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi kọ́ni ní èdè, orúkọ ni mo kọ́kọ́ ń kà kiri. Ilé kan ń jẹ́ Jambo, ìkíni ni. Ilé kejì ń jẹ́ Kidani, ẹ̀gbà ọrùn. Ilé oúnjẹ Boma, agbo ẹran, Jiko, ààrò, Sanaa, iṣẹ́ ọnà. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ń jẹ́ Uzima, ìyè. Èdè Swàhílì ni gbogbo wọn. Èdè ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà nìkan ní èdè tó lé ní 500. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ mọ Áfíríkà á rò pé ẹnu kan ṣoṣo la fi ń sọ̀rọ̀, orí pápá kan ṣoṣo la sì ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Áfíríkà ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Botswana jókòó ti àwọn ọmọ wa nídìí iná alẹ́, ó ní màlúù ni bàbá òun ń sìn nílé, kì í ṣe àgùnfọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, wá yíjú sí mi. Yorùbá rẹ̀ kò tíì já gaara, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé bí ilé yín ṣe rí nìyí?"

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, láàárín òrùlé páànù. Inú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ rí kìnnìún, mo san owó wọlé bí ìwọ náà ṣe sanwó. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ó yà á lẹ́nu gan-an.

Ìjèlè nínú gbọ̀ngàn

Ohun kan wà nínú gbọ̀ngàn àbáwọlé ilé náà tó dá mi dúró. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16, aṣọ aláràbarà bò ó, ère kéékèèké kún ara rẹ̀. Ìjèlè ni, eégún ńlá àwọn Ìgbò. Àwọn Ìgbò Nàìjíríà ló sì ṣe é. Ará ilé mi ni mo bá ní Florida! Ọmọbìnrin náà ní, "Tiyín nìyí?" Mo ní ti aládùúgbò wa ni. Ó ní kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún òun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Mo mọ Egúngún, mo mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo lè fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ti Ìjèlè kò ju ìlà méjì lọ lẹ́nu mi.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan lórí fóònù, ọmọ Anambra, tí a jọ kọ́ni fún ọdún púpọ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí pé kí ni Ìjèlè ń wá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Ìjèlè ń jáde, níbi ìsìnkú àti ayẹyẹ ńlá, láti tọrọ ìbísí àti ìkórè rere. Ọparun ni egungun rẹ̀, aṣọ ni ara rẹ̀. Òjòlá ńlá kan ló yí àárín rẹ̀ ká, tó pín in sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin lè fi oṣù mẹ́fà ṣe é, kí wọ́n sì kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé e sí. Ẹ̀yìn àwọn eégún yòókù ló ń jó, torí ọba wọn ni. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn àjogúnbá ayé ní 2009, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n kọ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa.

Ọmọbìnrin náà gbọ́ tán, ó rìn yí Ìjèlè náà ká, ó bẹ̀rẹ̀ ó ń yọjú wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó máa jó dà?"

Mo ní kò sí níbí.

Ìbéèrè yẹn ló fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ilé ìtura ń mú ìnira kúrò kí àlejò lè sinmi: kìnnìún kúrò lára pápá, òṣìṣẹ́ kúrò lójú, ìdáná kúrò lọ́wọ́ ìyá. Nǹkan rere ni, mo rí i lójú oorun ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó náà wà lára ohun tó kúrò. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ìsinmi ni wọ́n sọ pé àwọn ń tà, ìsinmi náà la sì rà. Ẹni tó ń jó, àwa òbí àti àgbà la máa mú un padà wá, pẹ̀lú ìtàn tó péye. Àwa tí a kò bá sì mọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ ká gbé fóònù, ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, àwọn ọmọ ti sùn, èmi àti ìyá wọn wà ní fàráńdà. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ìnákúnàá tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo kó o jẹ o." Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo, Dádì?" ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bu gàrí sí i fún mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín: bí agbára bá gbé e, ẹ sùn sínú ọgbà, ẹ sì padà sí yàrá lọ́sàn-án, bí kò bá gbé e, ẹ mú ìsọ̀rí olówó pọ́ọ́kú, bọ́ọ̀sì àti ìṣẹ́jú 30 yẹn wà fún wọn náà. Ẹ máa wo owó yín lálaalẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kúrò nídìí nǹkan kan tó ti ilẹ̀ wa wá láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún wọn ibi tó ti wá gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ìjèlè ló yà, pẹ̀lú òjòlá rẹ̀ àti gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ méjì, ó wọ̀ wọ́n ní bàtà.